Ikú Iná Lọ Síbi Ìkórè

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Béjidé. Ẹ má kí i lásán o! "Ikú Iná" ló ń pe ara rẹ̀, bí ẹ kò bá sì fi kún un, kò ní dá yín lóhùn. Òun ni ọ̀gá panápaná ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Òṣogbo. N kò ní dárúkọ ìlú náà, àwọn àna mi pọ̀ níbẹ̀. Ó ní akoto idẹ kan tó ń dán débi pé obìnrin lè wò ó wé gèlè. Ó ń dé e lọ sọ́jà, ó ń dé e lọ síbi ìsìnkú. Ibi iná nìkan ni kì í dé e lọ, kó má baà dúdú.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni ìjọ wọn ní Iléṣà ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ fi í jẹ Baba Ìjọ lọ́jọ́ ìkórè. Háà! Béjidé ò sùn mọ́. Ó ní mọ́tò panápaná lòun máa gbé lọ, fèrè á sì máa dún títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan ló ń bà á nínú jẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, bí mọ́tò náà ti ń rá pálá gun òkè wọ Iléṣà, ẹlẹ́mu kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó tún juwọ́ sí i.

"Àrẹ̀mú," ó sọ fún dírẹ́bà rẹ̀, "omi inú táǹkì yìí ló ń dójú tì mí. Dà á nù."

"Ọ̀gá, bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Ọlọ́run? Ta ló ń gbé omi lọ síbi ìkórè? Iná gan-an mọ̀ pé mò ń bọ̀!"

Àrẹ̀mú dà á nù. Mọ́tò fò gun òkè bí ewúrẹ́ tó fojú kan èèpo iṣu. Ìjọ tú síta, èmi náà wà láàárín wọn, wọ́n ń kì í: "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko!"

Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n fún un ní gbohùngbohùn pé kó sọ gbólóhùn kan. Gbólóhùn kan kẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn panápaná láti ayé òyìnbó, nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ omi. Ó ní àwọn ń pa iná, àwọn ń yọ ẹni tó jìn sí kànga, àwọn ń fa èèyàn jáde nínú mọ́tò tó dojú dé, àwọn tún ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń lo sítóòfù.

Ẹnìkan ké lẹ́yìn: "Ẹ wo èéfín!"

"Ẹ jókòó!" ni Béjidé wí. "Mò ń bọ̀ wá sórí èéfín."

Òróró àkàrà ló gbiná lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Màrìwò orí rẹ̀ ti ń jó, gbọ̀ngàn tuntun tí tolówó tòtòṣì ìjọ dáwó kọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbáágbá.

"Ẹ má bẹ̀rù!" ni àlùfáà kígbe. "Olúwa ti rán panápaná ṣáájú iná!"

A hó yèè. Àrẹ̀mú sáré wọlé wá bá ọ̀gá rẹ̀. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí Béjidé rántí pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun.

"Àrẹ̀mú, ṣáà tú rọ́bà sílẹ̀, kí o máa sáré kiri. Kí wọ́n ṣáà rí wa."

"Ọ̀gá, kí ló fẹ́ jáde níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní kí n da omi nù, kí mọ́tò lè gun òkè."

"Rọra sọ̀rọ̀! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yìí ò gbọ́n, wọn ò ní mọ̀."

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

Ìyá Phebe, olórí àwọn alásè, ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ṣí akoto kúrò lórí Ikú Iná, orí pípá yọ síta, ó sì sáré lọ síbi dúrọ́ọ̀mù omi. "Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí òróró! Ẹ̀yin tó kù, ẹ bomi sára gbọ̀ngàn!" Akoto ló fi ń bu omi tirẹ̀. Àwọn obìnrin gbá abọ́ àti ìkòkò mú, wọ́n tẹ̀lé e, wọ́n pa iná náà kú fin-ín fin-ín. Gbọ̀ngàn yè.

Àlùfáà rọra ká ọ̀já oyè Baba Ìjọ pa mọ́. Béjidé na ọwọ́ sí akoto rẹ̀ tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá Phebe gbé e sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń dé e, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná."

Gbogbo ìjọ ṣe "Àmín." Béjidé wọ mọ́tò tòun torí pípá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà wọ́ọ́rọ́wọ́, fèrè ò dún.