Ẹ Nawọ́ Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀

Ìka kan. Ó kúrò lórí itan, ó gba iwájú àyà kọjá díẹ̀díẹ̀, ó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Alhája Mùfúlíátù ló ni ín. Lèké ló ń tà ní Koumassi, ní Abidjan, bàtà rọ́bà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní London kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìyẹn ni Tíṣà Adéṣọpẹ́ ṣe ń kọ́ ọ lédè náà nínú ìsọ̀. Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló bọ́ bàtà awọ rẹ̀ sí, kó má baà tẹ ẹní ìkírun. Bàtà náà ń dán. Ilé-ìwé kan ní Biétry, àdúgbò àwọn olówó, ń retí rẹ̀ lọ́sàn-án yìí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

“Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, Alhája. Ìbéèrè di ìparí.”

“Tíṣà, ẹ…”

“Kí ni òfin wa?”

“Ká nawọ́. Ká dákẹ́. Ká dúró títí ẹ ó fi pè wá.”

“Tí ẹ bá tún pariwo bíi tàná ńkọ́?”

“Ẹ̀kọ́ parí.”

“Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tòní: *hue and cry*.”

Ìka tún gòkè.

“Igbe ńlá ni. Igbe tí gbogbo àdúgbò jọ ń ké. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti mú *hue* yẹn: *huer*, kéèyàn máa hó léèyàn lórí. Òfin ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ẹni tó bá rí olè gbọ́dọ̀ ké.”

Ọwọ́ kejì gòkè.

“Ẹni tó bá gbọ́ igbe gbọ́dọ̀ ju iṣẹ́ sílẹ̀, kó sáré lé olè.”

Ẹsẹ̀ kan gòkè.

“Ẹsẹ̀ kò sí nínú òfin wa, Alhája. Ẹni tó bá sì rí olè tó dákẹ́, òun náà dáràn. Ó yá. Ìbéèrè yín?”

“Ṣé mo lè ké báyìí?”

“Kí ẹ ké kí ni?”

“Olè.”

“Olè wo?”

“Èyí tó gbé bàtà yín. Ó ti wọ takisí wôrô-wôrô. Á ti máa súnmọ́ Marcory.”

Tíṣà yíjú padà. Ẹnu ọ̀nà mọ́ tónítóní.

“Alhája! Ẹ̀ ń wò ó!”

“Dáadáa. Ó kọ́kọ́ wọ tọ̀tún wò. Ó rìn díẹ̀. Ó tilẹ̀ kí èmi arúgbó: ‘Bonjour, la vieille.’ ”

“Ẹ ò sì ké?”

“Mo nawọ́.”

“Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ ti dáràn!”

“Ẹ̀yin náà. Mo ti ké báyìí, ẹ ti gbọ́. Ẹ ṣì jókòó.”

“Kí ni mo fẹ́ wọ̀ sáré?”

Alhája bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Tíṣà.

“Bàtà quarante-deux, méjìlélógójì?”

“Ẹ fi ọ̀kan kún un: quarante-trois.”

“Pupa àbí funfun?”

Tíṣà na ẹsẹ̀ síwájú.

“Funfun. Biétry ni mò ń lọ.”

Lèké funfun ló wọ̀ lọ. Wọ́n gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ.