Ibi Tí Arvid Ti Pa Àgbọ̀nrín

Àgbọ̀nrín ti wà lórí ìkọ́ lẹ́yìnkùlé láti àná, ṣùgbọ́n Arvid kò tíì ròyìn rẹ̀ fún ìjọba lórí fóònù. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù kó tó ṣe é, wọn á gbẹ́sẹ̀ lé ẹran, wọn á sì gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lorna ìyàwó rẹ̀ ló di fóònù mú nídìí tábìlì, ó ń ka ìbéèrè wọn sí i létí.

"Ìwo rẹ̀ ní ẹ̀ka mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Arvid."

"Mẹ́fà. Méjì ń bọ̀ lọ́nà."

"Níbo lo ti pa á?"

"Nínú igbó."

"Wọ́n ní kí o fi ìka tẹ ibẹ̀ gan-an lórí àwòrán ilẹ̀."

Arvid dìde, ó lọ fa kọ́tìnì.

"Ibi tí bàbá mi fi hàn mí, tí n ò fi han pásítọ̀, ni kí n wá fi han fóònù? Kílẹ̀ tó ṣú, Duane àbúrò rẹ á ti gbọ́."

"Kí ló kan ìjọba kan Duane?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé inú ẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀. Mú un wá."

Ó gba fóònù, ó tẹ òdìkejì odò, ó dá a padà fún Lorna, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí wọ́n lọ máa wá a níbẹ̀."

Fóònù dún. Lorna kà á, ẹ̀rín ń pa á.

"Wọ́n ní ìwé àṣẹ rẹ ò dé òdìkejì odò. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé olè ni ọ́. Wọ́n ń bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú."

Ẹran tí wọn ó fi la ìgbà òtútù já nìyẹn.

"Yí i padà kíá."

"Sí ibo?"

Ó wo aago. Ó wo ẹran láti ojú fèrèsé. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀.

"Dijú ná, kí n tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn àbàtà, lẹ́bàá igi tí àrá sán pa. Wọ́n ti gbà á."

Arvid rọra jókòó. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Duane. Ọdọọdún ló máa ń lọ gé ẹ̀ka igi kúrò lójú ọ̀nà ibẹ̀ fún ọ, kí ìgbà ọdẹ tó dé. Àánú orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ló ń ṣe é. Ó ní kí n má sọ."

Arvid fọwọ́ pa orúnkún.

"Ó dáa. Sọ fún un pé ó fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀ka náà máa ń gbá fìlà mi bọ́."