Ojú Kọ́ Ló Ń Gun Alùpùpù

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí la ti mọ̀ nípa gígun alùpùpù? Mo gbọ́ ẹni tó ní ọwọ́ ló ń gùn ún, nítorí ọwọ́ ló ń darí rẹ̀. Ó gbìyànjú. Mo gbọ́ ẹni tó ní ẹsẹ̀ ni, nítorí ẹsẹ̀ ló ń yí jíà. Òun náà gbìyànjú. Ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní ojú ni, nítorí afọ́jú kì í gun alùpùpù. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ó ronú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ wá mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ojú kọ́ ló ń gun alùpùpù, ìdí ni"? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìdí jẹ́ ẹ̀yà ara tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún. Ẹ fara balẹ̀, kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tó ń jẹ́ Ọláòtán. Télọ̀ ni. Ohun tó bá ti dára lójú, ẹ má fi hàn án, nítorí kò ní sùn mọ́. Ọjọ́ tó rí ọmọbìnrin kan ní Ìṣẹ́yìn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, oorun dá lójú rẹ̀ pátápátá. Àwẹ̀ró náà fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Àwẹ̀ró nìkan ló kù.

Bàbá Oyèníran ni wọ́n ń pe bàbá yìí, ahunṣọ òfì ni. Láti kékeré ló ti ń jókòó nídìí òfì, ó sì gbà pé bí ènìyàn bá ṣe ń jókòó la fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Gbogbo ìgbà tí Ọláòtán bá wá kí i, etí àga ló máa ń fìdí hẹ, kó tó pẹ́, yóò ní òun ń lọ. Nígbà tó sú bàbá, ó ní:

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, n kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí kò lè fìdí kalẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, mú àgbà kan wá láti ilé yín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jókòó sọ̀rọ̀. Bí o bá jókòó títí ọ̀rọ̀ fi parí, o ti níyàwó. Bí o bá dìde kí ọ̀rọ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Ṣé ẹ rí ohun tó wà nílẹ̀? Jíjókòó ni. Jíjókòó lásán. Ẹ di ìyẹn mú.

Àgbà tí Ọláòtán rí mú ni àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Ìbídùn, obìnrin tó ti ń fi alùpùpù ná gbogbo ọjà Òkè-Ògùn kí wọ́n tó bí Ọláòtán. Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn jìn, ó ní òkè, ó ní kòtò. Àwọn méjèèjì bá jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta alùpùpù, kí Ọláòtán lè ra èyí tí yóò máa gbé e lọ sílé àna.

Áà! Ohun àrà kan wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Alùpùpù pupa kan ni. Ó ń dán débi pé àkùkọ kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń bá òjìji ara rẹ̀ jà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè, ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí ó fi sún mọ́ táyà iwájú, àga rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ọláòtán la ẹnu, kò lè pa á dé.

Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àga rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní, ó sì rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yí padà wá bá ẹni tó jókòó, bí ìwo àgbò. Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé wà níwájú dáadáa, kí orúnkún má baà ká. Àǹtí Ìbídùn gun orí rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pa ojú dé. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí ẹ̀rù fi ń ba ẹni tó ń tà á.

"Mà, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Dákẹ́ ná. Mò ń gbọ́ ohun tí ìdí mi ń sọ."

Ọláòtán ní, "Àǹtí, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àga ìyá àgbà yìí. Pupa ni mo fẹ́."

"Kọ́kọ́ jókòó lé e ná."

"Mo ti wádìí ẹ̀ dáadáa, Àǹtí. Gbogbo ìlú ló ń yìn ín."

"Ìdí tiẹ̀ lo wá. O kò bi ìdí tìẹ."

Ọláòtán kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti rà á tán. Ní ti Àǹtí Ìbídùn, nígbà tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́ lórí Eléérú, ó ra òun náà, ó sì gùn ún lọ sílé.

Ọjọ́ ọjà pé, wọ́n gbéra láàárọ̀. Pupa ké ramúramù, ó pòórá. Àǹtí ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń wo oko ẹ̀gẹ́, ó ń wo àpáta. Kí n má parọ́ fún yín, àpáta Òkè-Ògùn tó láti wò. Wọ́n dúdú, wọ́n ga, ìkùukùu jókòó lé wọn lórí bí gèlè, tí ènìyàn á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó dákẹ́. Ẹni tí ara bá tù ló ń rí wọn. Ọláòtán kò rí ọ̀kankan. Àyà rẹ̀ wà lórí táǹkì, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná iwájú, táyà nìkan ló ń wò.

Kí ó tó dé abúlé àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó kọjá abúlé kejì, ó ń pariwo. Ó ṣí fìlà, ó fi tẹ́ àga. Fìlà fò lọ. Ló bá pinnu láti máa gùn ún ní ìdúró. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó dúró ṣánṣán lórí alùpùpù pupa, tí agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí àsíá! Àwọn àgbẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n rò pé ọba kan ló ń kọjá, wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ sínú ebè. Ọláòtán kò lè dá wọn lóhùn, omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni ìyá kan wí, "kábíyèsí ń sunkún nítorí wa!" Òun náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó dùbúlẹ̀ lé e, ikùn lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú afẹ́fẹ́. Màlúù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà gbàgbé koríko tó wà lẹ́nu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán èyí wò.

Gbogbo ìgbà tó bá dúró sinmi lábẹ́ igi ni Àǹtí Ìbídùn ń bá a.

"Ọláòtán, bọ́ sórí tèmi."

"Kí àna mi wá rí mi lórí àga ìyá àgbà? Rárá o. Ó ti mọ́ mi lára, Àǹtí."

"Lára ibo?"

Ọláòtán tún gun Pupa lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, Àǹtí ní òun fẹ́ yà sílé ọ̀rẹ́ òun kan kí òun sinmi díẹ̀, kí Ọláòtán máa lọ. Inú Ọláòtán dùn. Àwọn àna yóò rí Pupa kí wọ́n tó rí Eléérú. Ó sáré wọ ìlú.

Gbogbo agbo ilé tú jáde. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn, wọ́n yí Pupa ká, kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án. Ọláòtán sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé àwọn ti dé. Ó ṣì tẹ̀ síwájú. Bàbá Oyèníran rí i lókèèrè.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́! Láti ojú títì ló ti ń kí mi bọ̀!"

Ọláòtán dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Áà, ilẹ̀ tutù! Atẹ́gùn ń fẹ́ sí ìdí rẹ̀. Láti àárọ̀, kò tíì rí ibi tó dára tó báyìí.

"Ó tó, dìde, ọkọ ọmọ mi."

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ n kí yín dáadáa."

"O ti kí mi."

"Ó ku ìyá, sà. Ó ku àwọn ẹ̀gbọ́n yín."

Ó kí àwọn tó wà nílé, ó kí àwọn tó lọ sóko, ó kí àwọn baba ńlá wọn tó ti sùn. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Irú ìdọ̀bálẹ̀ yìí, wọn kò rí i rí.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù láti kí mọ́, ó dìde. Bàbá fi àga kan hàn án, àga igi tó le gbagidi. "Jókòó, ká bẹ̀rẹ̀."

Ọláòtán wo àga náà. Òógùn bò ó. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ n dúró."

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n: bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó sì kọ̀ láti jókòó, ọ̀rọ̀ òfò ló gbé wá. Ìyá Àwẹ̀ró wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọláòtán, àgbà tí ẹ jọ ń bọ̀ dà?"

"Mo fi Àǹtí mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mà."

"Ó fi wọ́n sílẹ̀!"

"Wọ́n ní kí n máa lọ, mà, pé àwọn fẹ́ sinmi."

"Yéè! Obìnrin náà ti sinmi!"

Ẹkún sọ. Àwọn aládùúgbò bá wọn sun ún kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó kú. Ọkùnrin kan tí kò rí Àǹtí Ìbídùn rí gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké pé, "Obìnrin rere! Kì í bá ènìyàn jà!" Ọláòtán ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú," ni wọ́n wí. "Ẹ mú un jókòó!"

Wọ́n gbé e, wọ́n fi í lé àga igi. Igbe tí Ọláòtán ké, ó bo igbe gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ó fò dìde.

"Ẹ rí i? Ó fẹ́ràn ìyá náà púpọ̀."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìró kan, jẹ́jẹ́, bí ológbò tó ń sùn. Àǹtí Ìbídùn gun Eléérú wọlé. Gèlè rẹ̀ kò yẹ̀. Ìró rẹ̀ kò rún. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ẹkún dá wáí.

"Ẹ kú ìdárò o," ni ó wí. "Ta ló kú?"

Ìyá Àwẹ̀ró sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀yin ni, mà."

Ọkùnrin tó ń ké lẹ́ẹ̀kan ti wà lábẹ́ òfì. Òkú tó gun alùpùpù láti Ṣakí, tí ara rẹ̀ sì tutù báyìí!

"Bó bá jẹ́ pé mo ti kú," ni Àǹtí Ìbídùn wí, "ẹ fún òkú lómi mu."

Ó mu omi, wọ́n sì rí i pé ó wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ni Bàbá Oyèníran bá kọjú sí Ọláòtán.

"Alààyè lo pa fún wa! Kí ni ìdí tí o kò fi jókòó?"

"Ìdí ni, sà."

"Mo ní kí ni ìdí ẹ̀?"

"Ìdí náà ni ìdí ẹ̀, sà."

"Ṣé èmi lo ń pa àlọ́ fún? Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tí kò lè jókòó. Ọ̀rọ̀ parí!"

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ dákun, Bàbá," ni Àǹtí Ìbídùn wí. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ fi ìdí tiyín wádìí ẹ̀."

Ó fi Pupa hàn án. Bàbá gùn ún, ó tẹ̀ síwájú, ó nawọ́ mú ọwọ́ rẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, ó ti sọ̀kalẹ̀. Ó na ẹ̀yìn. Ó wo Ọláòtán, ó wo ọ̀nà Ṣakí, ó tún wo Ọláòtán.

"Orí èyí lo wà láti Ṣakí?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nítorí ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá fi Pupa sílẹ̀. Ó lọ gun Eléérú. Ọwọ́ rẹ̀ wá bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Sípíríǹgì gbé e sókè jẹ́jẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pa ojú dé.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń hunṣọ," ni ó wí bí ẹni ń gbàdúrà, "n kò mọ̀ pé a lè jókòó báyìí."

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Mo ní kó jókòó títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. N kò sọ pé lórí àga igi."

Wọ́n ti Eléérú lọ sábẹ́ igi máńgòrò, Ọláòtán gun orí rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò mira. Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ parí. Dìde, o ti níyàwó."

Ọláòtán kò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Pupa kò kúrò ní Ìṣẹ́yìn mọ́. Òwú tí wọ́n pa láró ni wọ́n ń sá lé e lórí. Bí àlejò kan bá sì dúró tí ẹnu yà á, tó ní kí ló dé tí ẹ kò gun nǹkan ẹlẹ́wà yìí, Bàbá Oyèníran yóò gbójú sókè nídìí òfì, yóò ní, "Ojú kọ́ ló ń gun alùpùpù, ìdí ni."

Ó yá, iṣẹ́ yín rèé. Bí irú alùpùpù kan bá wù yín fún ọ̀nà jíjìn, ẹ má tíì lọ bá ẹni tó ń tà á. Ẹ wá ẹnì kan tó ní irú rẹ̀, kí ẹ dúró dè é lọ́jọ́ tó bá ń ti ìrìn àjò bọ̀. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má bi í ní ohunkóhun. Ẹ gbé àga síwájú rẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó.