Ohun tó Wà Lábẹ́ Fìlà Shamsudeen

Shamsudeen kúnlẹ̀!

Ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan bí ìyàwó tuntun níwájú Alfa Àmúdà, bàbá Ràódàt tó fẹ́ fẹ́. Ọkùnrin gìrìwò! Ní Ìwó! Ẹ̀rín ń pa mí!

"Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́?" Alfa bi í. "Ṣé ọkọ lọmọ mi mú wálé ni àbí orogún?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọrùn ló ń dùn mí."

Irọ́! Ọrùn kankan ò dùn ún. Abẹ́ fìlà ni wàhálà wà.

Ní lábù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń sin sẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń sin adìẹ, àwọn ẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Inú omi pupa ni wọ́n ń gbé, nínú gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pín sí yàrá mẹ́jọ. Lọ́la ló fẹ́ rẹ wọ́n láró, aró tó jẹ́ pé àrùn nìkan ló ń lẹ̀ mọ́, kí ọ̀gá ẹ̀ láti Ìbàdàn wá wò ó. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n kú. Bí omi wọn bá dà, wọ́n kú. NÉPÀ sì muná lọ láàárọ̀! Ẹ̀rọ tó ń mú wọn lọ́wọ́ọ́rọ́ tutù rinrin.

A kì í sì í jẹ́ kí àna dúró dè wá. Shamsudeen bá ronú pé ara èèyàn kúkú gbóná tó. Ó dé gíláàsì lọ́mọrí, ó gbé e lé àtàrí, ó fi fìlà bò ó, ó wá ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ru ìkòkò omi.

"Ó dáa," Alfa ní. "Fìlà ńkọ́? Ṣé ọrùn ni ò jẹ́ kó o lè ṣí òun náà fún àna ẹ?"

Shamsudeen fọwọ́ di fìlà mú. Ràódàt ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀.

Ó ṣí i.

"Subuhánálláhì! Oògùn lo gbé wá bá mi?"

"Sẹ́ẹ̀lì ni, Bàbá! Wọ́n wà láàyè! Orí mi ni mo fi ń mú wọn gbóná!" Ó rò ó látòkèdélẹ̀.

Alfa wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, kèèkèè! "Ẹni tó lè fi àtàrí tọ́ ohun tójú ò rí, á tọ́jú ọmọ mi. Mo ti fún ọ! Dé fìlà ẹ, kó o jókòó. Má mirí o!"

Shamsudeen jókòó. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti níyàwó, sẹ́ẹ̀lì ò sì kú.

Àfi wàì! Iná dé! Fáànù ń yí, rédíò ń pariwo.

"ỌP NÉPÀ!" Gbogbo agboolé fò sókè.

Ta ló wá fò ga jù wọ́n lọ?

Gbàgà! Gíláàsì fọ́ yángá, omi pupa dà sí Alfa lágbádá.

Alfa rọra nu irùngbọ̀n ẹ̀.

"Àna mi, ọrùn ti yá, àbí? Ó yá, dọ̀bálẹ̀."