Mùílì Mọ̀nàmọ́ná Tún Wáyà Ilé Ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Mùílì ṣe tóbi tó ní Ìsẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. Bí ẹ bá bi ẹlòmíràn, onítọ̀hún lè gbàgbé díẹ̀ níbẹ̀.

Ó fi ara rẹ̀ jẹ Mọ̀nàmọ́ná, ó sì ṣe oríkì lé e: "Mọ̀nàmọ́ná Àjíkí, a-tàn-bí-ọ̀sán, ọkọ òkùnkùn!" Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa iná ni pé ó máa ń gbé èèyàn.

Wáyà ilé bàbá wọn ti gbó ju Mùílì lọ. Eku ti jẹ ẹ́ títí ó fi ń ta páá bí gúgúrú. Lóṣù tó kọjá, ó ta sára aṣọ òkè tí Ẹfúnwùmí, àbúrò bàbá rẹ̀, ń hun lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí òfì àti ìyá jọ jóná. Ni àwọn ọmọ ilé tó wà ní Ṣakí bá fi wáyà tuntun ránṣẹ́, òṣùká mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú páìpù àti súìṣì funfun báláú. Ẹbí sì pinnu pé ẹni tó bá tún iná ilé ṣe ni yóò di olórí ẹbí.

"Ẹ má wá oníná kankan," ni Mùílì wí. "Ẹni tó ń gbé etídò kì í fi itọ́ bọ́jú!"

Ó lé gbogbo ilé síta fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tilẹ̀kùn. Ó fa wáyà tuntun láti ìdí mítà tààrà dé yàrá ara rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ìyókù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú páìpù àwọn yàrá tó kù, òwú pupa àti òwú dúdú ló kì bọ̀ ọ́, kí ẹni tó bá yọjú lè rò pé wáyà ni. Ògiri amọ̀ kò sì gba ìṣó, òwú náà ló fi so súìṣì rọ̀.

Ta ni yóò mọ̀? Iná kò wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó dé, òun á ti jẹ olórí ẹbí.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, gbogbo ilé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mùílì," ni Ẹfúnwùmí pè é, "mi ò rí òwú mi láti ọjọ́ tí o lé wa síta."

"Eku ni, Màmá. Eku ilé yìí kò nítìjú."

Ó ká apá agbádá sókè, ó tẹ súìṣì. Kò tàn.

"Ẹ má mikàn. Ọjọ́ tí iná bá dé, ẹ ó fọwọ́ bojú!"

Àfi bí àwọn ọmọdé ṣe pariwo níta: "Iná ti dé o!"

Gílóòbù mẹ́tàdínlógún dákẹ́ bí ìgbín. Yàrá Mùílì nìkan ló ń ké hùùùù.

"Kí ló ń kùn ní yàrá rẹ?" Ọ̀ṣẹ́nì, àgbà ilé, ló béèrè.

"Iná náà ni, Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà. Wáyà tuntun kò tíì mọ ojú ọ̀nà ilé ni. Tó bá fi máa di Alàmísì, á kàn yín."

Àwọn kan tilẹ̀ ṣe àmín.

Ṣùgbọ́n òwú pupa tín-ín-rín kan ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì. Ahunṣọ kì í rí irú rẹ̀ kó gbójú kúrò. Ẹfúnwùmí fà á.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀! Á gbé yín!"

"Òwú tí mo ti ń fà kí wọ́n tó bí ọ? Kò gbé mi rí."

Ó ń fà, ó ń ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́. Súìṣì kìíní já, gbì! Èkejì tẹ̀ lé e. Òwú ń gba yàrá dé yàrá, gbogbo ẹbí sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mùílì fẹsẹ̀ tẹ òwú náà mọ́lẹ̀, òwú lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ló bá ṣubú lu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Òtútù fẹ́ lu gbogbo èèyàn lójú, wáyà sì ń yọjú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀ṣẹ́nì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Eku yìí mà gbayì o. Ó jí òwú, ó jí wáyà, ó tún ń sùn nínú òtútù!"

Oníná gidi ti Òtu wá. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilé tàn yòò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, Mùílì jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ó ń bá wọn tú òwú tó ta kókó. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wòran.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gílóòbù yìí. Wọ́n ń wò mí."

Ẹfúnwùmí kò gbójú sókè nídìí aṣọ rẹ̀.

"Tú òwú rẹ, ọkọ òkùnkùn. Òkùnkùn ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀."