Odídẹrẹ́ Kì Í Sọdá Odò

Nígbà tí ẹranko ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ọmọ ènìyàn kò tíì mọ̀ ju kí ó máa ju òkò lu èso lọ, ìjọba Kìnnìún pín sí méjì: Òkè Odò àti Ìsàlẹ̀ Odò. Apá kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ ààfin a yan ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí yóò lọ bá ìjọba Erin gbá. Ìjọba tó bá borí ni yóò ni ìsun omi ààlà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ òǹgbẹ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìgbìmọ̀ kì í lọ wo bọ́ọ̀lù o. Àgbàlagbà kì í ṣáà sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ohun tí Odídẹrẹ́, akéde ọba, bá ké ni wọ́n ń gbà gbọ́. Òkè Odò ni igi Odídẹrẹ́ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní ẹyìn jẹ, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ràn afẹ́fẹ́ odò.

Bí Ẹkùn bá na Ìkookò, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ará Òkè Odò, Odídẹrẹ́ a ní, "Ẹ wo bí agbára ṣe pọ̀ níbí, kò sí ọ̀lẹ nínú wọn." Bí Ọ̀yà bá na Ìgalà ní Ìsàlẹ̀ Odò, a ní, "Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tó dára nínú wọn."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò sí ẹni tó na Ẹtu, olórí ẹgbẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Odò. Ìkookò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kan tó sọdá odò, Ẹtu gan-an ló fi góòlù mẹ́rin sí òdo lé e padà sílé.

Síbẹ̀, Ìkookò ni ìgbìmọ̀ yàn. Inú bí Ẹtu, ó gba ààfin lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ẹrẹ̀ ni àwọn ọmọ mi mu lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Mo na Ìkookò. Kí ló tún kù tí n kò ṣe?"

Ẹfọ̀n, alága ìgbìmọ̀, tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi, Ìkookò tí ìwọ lè nà, ṣé ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ náà? Odídẹrẹ́ ní ó ti rẹ̀ ẹ́, torí àwọn alágbára ló ń bá gbá nílé."

"Bàbá, ṣé Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀?"

Odídẹrẹ́ ń fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. "Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Mo ṣáà mọ ilé tí Ìkookò ti wá."

Gbogbo ààfin mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ẹtu dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó sì lọ sílé.

Ìkookò lọ bá Erin gbá. Góòlù mẹ́sàn-án ló kó bọ̀, ìsun omi sì di ti Erin. Kí oṣù tó lé, kànga ààfin ti gbẹ. Kìnnìún fúnra rẹ̀ ń lá ìrì lórí ewé. Méjì nínú àwọn ọmọ Ẹtu kú. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kú.

Ìgbìmọ̀ tún jókòó. Kìnnìún bi Odídẹrẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ohùn Odídẹrẹ́ ti há, àmọ́ ó sọ̀rọ̀. "Kábíyèsí, ẹ wo bí Erin ti lágbára tó, tí Ìkookò sì dúró níwájú rẹ̀. Ta nínú ará Ìsàlẹ̀ Odò ló bá Erin gbá rí?"

Ẹfọ̀n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti to ẹgbẹ́ ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀, Ìkookò ló ṣíwájú. Wọ́n ní kí Ẹtu ṣe sùúrù, kí ó kọ́kọ́ wá alágbára kan nà ná. Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́, torí ọ̀fun wọn ti gbẹ ju kí wọ́n hó lọ.