Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Mo Rà fún Yàrá Àbúrò Mi

Sátidé kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n sá fún un tó. Mo lè máa gbálẹ̀ jẹ́jẹ́ mi, kó kàn yọ sí mi lójijì, màá dúró, màá sì fi ọwọ́ bojú bí ẹni tí wọ́n bá níhòòhò. Ọjọ́ náà ni mo ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún yàrá àbúrò mi ní yunifásítì.

Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ girama. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ká pépà, tí mò ń tò ó tẹ̀léra, tí mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, torí pépà kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Ojú máa ń tì mí gan-an. Bí oníbàárà bá wọlé, ẹ̀yìn ìdì pépà lẹ ó ti rí mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi máa ro mí ni Bùsọ́lá, àbúrò mi. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ dàgbà sí ní Ladi-Lak, nínú èéfín ẹja tí ìyá wa ń yan tà.

Nígbà tí Bùsọ́lá wọ yunifásítì, ayọ̀ mi ju ti ìyá wa lọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà ò jìnnà sí wa, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ó ṣèlérí pé gbogbo Sátidé lòun á máa wálé. Ó sì wá lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀rọ̀ Dámi bẹ̀rẹ̀.

Dámi ni ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Mi ò tíì rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ egbò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí Bùsọ́lá bá pè mí lórí fóònù: "Dámi ló kọ́ mi." "Dámi sọ pé irun yìí bá mi mu." "Dámi ní kí n dín ata kù." Ata o! Ọmọ tí ìyá wa fi ọbẹ̀ ata já lẹ́nu ọmú!

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wálé mọ́.

"Àǹtí mi, ẹ máà bínú. Iṣẹ́ pọ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la sì ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Dámi ló ń fún mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì látinú fóònù ẹ̀. Tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan."

Tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀! Lọ́jọ́ yẹn mo ká pépà bí ẹni ń lọ́ adìyẹ lọ́rùn. Àṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni Dámi fi so àbúrò mi mọ́lẹ̀. Ó dáa. Èmi náà á ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó máa ju ti inú fóònù lọ, kí Bùsọ́lá lè kúrò lábẹ́ Dámi, kó sì padà sọ́dọ̀ mi. Mo ti ń tọ́jú owó láti fi ra máṣíìnì ìránṣọ. Mo ní kí máṣíìnì ṣì dúró ná.

Nígbà tí mo sọ fún Bùsọ́lá, ó pariwo ayọ̀, inú mi dùn. Àfi bó ṣe fi kún un pé, "Dámi ní kẹ́ ẹ ra èyí kékeré tó ní bátìrì, tó ṣeé fi sápò. Ó ní ẹ máà ra èyí ńlá o."

Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ ni, mi ò bá gbọ́. Dámi ló sọ ọ́. Ńlá ni mo ń lọ rà.

Láàárọ̀ Sátidé náà, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí ìsọ̀ kan ní Bariga. Ẹnu ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń tú ọ̀rọ̀ jáde láìdúró mí. Ṣé tọlọ́sẹ̀ ni àbí tolóṣooṣù? Ṣé èyí tó ní ìwọ̀n ni àbí èyí tí kò ní? Mo ń mi orí sí gbogbo ẹ̀. Ó wá ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan kí wọ́n lè forúkọ mi sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Mo nu ọwọ́ mi lára yẹ̀rì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Pupa.

"Àǹtí, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin lẹ ni àtàǹpàkò yìí ṣá?"

Àwọn ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i, ẹni tó bá ti ń ká pépà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, pépà á ti jẹ ilà ọwọ́ rẹ̀ tán. Àtàǹpàkò mi ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. A dán gbogbo ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí èyí tó kéré jù lọ́wọ́ òsì tó gbà mí sílẹ̀. Nígbà yẹn, òógùn ti lẹ búláùsì mọ́ mi lẹ́yìn.

"Ibì kan lẹ ti máa máa lò ó ni, àbí ẹ máa máa gbé e kiri?"

Yàrá Bùsọ́lá, ibì kan náà ni. "Ibì kan ni," mo ní.

"Kí ẹ gba ńlá yìí nìyẹn. Ó yára dáadáa. Ibo nibẹ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ṣì ń wò mí. Tí mo bá dárúkọ yunifásítì, wọ́n lè bi mí pé kí ni mò ń kọ́ níbẹ̀. Kí ni n ó wí? Gọ́ọ̀mù?

"Ladi-Lak," mo ní, mo sì fún un ní àdírẹ́sì ilé wa.

"Ó dá yín lójú o? Torí pé ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ báyìí..." Ó ń ṣàlàyé lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò ní ìsọ̀ náà. Mo ti dé yàrá Bùsọ́lá. Mo ń wo bí Dámi á ṣe la ẹnu sílẹ̀ tó bá rí ẹrù mi.

"Ó dá mi lójú," mo ní.

Mo ti mú pépà aláwọ̀ wúrà kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, lára èyí tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́. Mo fi wé páálí náà títí ó fi ń kọ mànà bí ẹ̀bùn ìyàwó, mo sì gbé e lọ.

Mo ti rò pé Dámi á ga, èékánná ẹ̀ á sì gùn. Ọmọ pẹ́ńpẹ́ kan tó wọ awò ojú ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Sálúbàtà tí mo rà fún Bùsọ́lá ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. A ti ń retí yín."

A! "A" wo?

Bùsọ́lá fi ìdùnnú ya pépà wúrà náà. Ojú bàbá arúgbó kan yọ sí wa láti inú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ "Sùn re o, bàbá rere" sábẹ́ ẹ̀. Ìwé ìsìnkú ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo wò kí n tó mú un.

Dámi yọ awò ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, kí wọ́n fún mi láyè. Mo wá ibi tí iná wà lára ògiri, mo rí wáyà dúdú kan níbẹ̀, mo fà á yọ, mo ki tèmi bọ̀ ọ́.

"Yéè! Láputọ́ọ̀pù mi!"

Bátìrì láputọ́ọ̀pù Dámi ti kú tipẹ́, iná ògiri nìkan ló gbójú lé. Iṣẹ́ tí òun àti Bùsọ́lá ti ń tẹ̀ láti àárọ̀, tí olùkọ́ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ kó tó di aago márùn-ún ọjọ́ náà, ti bá a lọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní, "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé." Bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Àpótí funfun náà tan iná pupa. A wò ó. Kò yí padà.

"Ó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ ni," mo ní.

"Àǹtí mi," Bùsọ́lá ní, "áyọ́ọ̀nù ni?"

Mo ní bóyá ó fẹ́ gba atẹ́gùn ni. Mo gbé e, mo gun bẹ́ẹ̀dì Dámi, mo nà án sí ojú fèrèsé. Pákó bẹ́ẹ̀dì ké gbà! Ẹsẹ̀ mi kan wọlé sí ìsàlẹ̀, ìkejì wà lókè, mo sì gbé àpótí náà sórí bí ẹni ń ru ẹrù la odò kọjá.

Dámi ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó yí i wò, ó ka ìwé tó wà nínú páálí. "Àǹtí, àdírẹ́sì wo lẹ fún wọn?"

"Ti ilé wa."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún wọn nìkan ni ńlá yìí ti máa ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ra kékeré nìyẹn. Èmi náà ò ra dátà kankan, torí ẹ ní ẹ ń bọ̀."

Owó ọwọ́ tèmi náà ti tán sínú àpótí. Bùsọ́lá wò mí, ó wò mí, ojú ẹ̀ wá ṣókùnkùn.

"Ṣé torí pé Dámi ló sọ ọ́ ni, Àǹtí mi?" Mo ń fa ẹsẹ̀ mi, kò yọ. "Ẹ̀ ń bá a jowú."

Níwájú Dámi! Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà nínú bẹ́ẹ̀dì.

Dámi ni kò jẹ́ kó dìjà. "Ilé yín jìnnà?" Ó ti ń kó láputọ́ọ̀pù àti àwọn ìwé wọn jọ.

Àwa mẹ́ta jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àpótí wà lórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí a dé Ladi-Lak, tí mo ki wáyà bọ ògiri wa, iná ẹ̀ di búlúù lójú ẹsẹ̀. Ojú tún tì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, apá ibi tí mo máa ń sùn sí gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ ti dàrú nínú kẹ̀kẹ́, Bùsọ́lá ń wá ojú ewé kan, kò rí i. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo tò ó tẹ̀léra kíákíá. Iṣẹ́ mi ṣáà ni.

"Ah-ah, Àǹtí! Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Dámi bi mí. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, àyè ò sí.

Ìyá wa wọlé. "Ọmọ yìí mà tínrín o!" Ó gbé orí ẹja tó tóbi jù fún Dámi. Èmi ni mo máa ń jẹ orí ẹja nílé wa.

Iṣẹ́ náà lọ kó tó di aago márùn-ún. Nígbà tí Dámi lọ fọwọ́, Bùsọ́lá sún mọ́ mi.

"Àǹtí mi, Dámi kọ́ ló dá mi dúró. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò méjì. Òun ló ń kọ́ mi ní gbogbo Sátidé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa wálé wá wo ojú yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lẹ ìwé torí mi."

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi bi í pé kí ló dé, tí mi ò sì gbọ́ nǹkan kan nínú èsì ẹ̀ ju orúkọ Dámi lọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dúró ní ìsọ̀ yẹn, tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń sọ ohun tó lè gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú, tí mò ń wo ẹnu Dámi nínú ọkàn mi. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: òjòwú kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Mo fa Bùsọ́lá mọ́ra, mo ní kó máa gbé ìdánwò tó bá bàjẹ́ wálé pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fọ̀.

Ó ń wá báyìí ní gbogbo Sátidé. Dámi náà ń bá a wá, torí ilé wa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kí ẹ má sì rò pé mo ti di áńgẹ́lì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wa pe Dámi ní "ọmọ mi." Mo dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun. Ìgbà tí mo dé orí abọ́ kẹta ni ẹ̀rín ara mi pa mí.